Ọdún Tí Dádì Ti Ilẹ̀kùn Ṣẹ́ẹ̀dì Pa

Tí ẹ bá bi mí pé ohùn wo ló máa ń sọ fún mi pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa nílé wa ní Dagenham, ohùn ọta ìbọn ni màá sọ. Ẹ má sá o, ẹ dúró! Kì í ṣe ọta tí wọ́n yìn. Ọta tí Dádì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dà nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé wa ni, tó ṣì gbóná, tó ń já bọ́ sórí táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tí wọ́n ká nípọn. Irin méjì ni wọ́n fi ń dà á, irin méjì tó pàdé ara wọn bí àtẹ́lẹwọ́ méjì, tó ní ihò láàárín. Dádì á bu òjé tó ti yọ́ sínú ihò yẹn, wọ́n á dúró díẹ̀ kó dì, wọ́n á fi igi gbá irin náà, kó! Irin á là, ọta á já bọ́, púkẹ́. Kó, púkẹ́. Kó, púkẹ́. Àárọ̀ Sátidé nìyẹn o. Rélùwéè á máa kọjá lọ́ọ̀ọ́kán, ife tíì á máa gbọ̀n lórí tábìlì, Mọ́mì á máa din dòdò, epo á máa ta pa-pa-pa, èmi á jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, màá máa fetí sí i. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ eléyìí fún yín kí àyà yín má baà já níwájú: gbogbo wa la yè é, gbogbo wa pátá! Àbúrò mi Káyọ̀dé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, bí mo ṣe ń kọ ọ́ báyìí ó wà lókè, ó ń pariwo mọ́ géèmù, ó ti ga jù mí lọ, ó sì ti jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tí mo fi pamọ́ fún ara mi. Inú mi dùn débi pé mi ò lè bínú sí i.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Dádì. Ṣùgbọ́n ilé ọdẹ ni wọ́n bí wọn sí, lábúlé kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó, bàbá wọn ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ọta ìbọn ẹ̀, Dádì náà sì gbà pé ẹni tó bá ń lọ sígbó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lẹ́nu ìbọn ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé London, ta ló máa fún èèyàn dúdú awakọ̀ bọ́ọ̀sì níbọn? Àfi Bàbá Tẹ́rì, òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń gbé ládùúgbò wa, tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ kan òrùlé, tó sì máa ń lọ ṣọdẹ àgbọ̀nrín lóko ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní Essex. Òun ló mú Dádì mọ́ra, òun ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọrọ láísẹ́ńsì. Ọlọ́pàá wá sílé wa, wọ́n wo kọ́bọ́ọ̀dù irin tí Dádì kàn mọ́ ògiri yàrá wọn láti máa ti ìbọn mọ́, wọ́n fọwọ́ gbọ̀n ọ́n, wọ́n mu tíì, wọ́n lọ. Mọ́mì ò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní látìgbà tóun ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọlọ́pàá máa wọlé tí wọ́n á ní gbogbo nǹkan dára.

Òjé tí Dádì ń lò, ara òrùlé àtijọ́ ni. Bàbá Tẹ́rì ló máa ń kó o wá, abala òjé tó ti dúdú, tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Dádì á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o sínú ìkòkò irin kékeré lórí iná, á rọ̀, á wó lulẹ̀ fúnra ẹ̀ bí bọ́tà, lójijì á di omi tó ń dán bí dígí. Ìdọ̀tí á léfòó, Dádì á fi síbí irin gbá a kúrò. Mo mọ gbogbo ẹ̀ nítorí ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì yẹn máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn lè wọlé, mo sì ń wò láti orí àtẹ̀gùn. Mi ò gbọ́dọ̀ kọjá àtẹ̀gùn. Òfin nìyẹn. Òfin Dádì pọ̀ ju ti sùkúù lọ: wọn kì í jẹun níbẹ̀, wọn kì í mu omi níbẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi ń dà á, inú ṣẹ́ẹ̀dì ló ń sùn, bàtà náà bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì fọwọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi ìta títí Mọ́mì á fi pariwo láti kíṣìnì pé, "Bàbá Bísọ́, ṣé ẹ fẹ́ bó awọ ni?" Tí ọta bá tutù, Dádì á mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yí i sí ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ara ẹ̀ bá hun jọ, ó padà sínú ìkòkò. Èyí tó bá dán, wọ́n á gbé e sókè kí n lè rí i látọ̀ọ́kán. "Bísọ́, eléyìí ńkọ́?" Màá ní, "Ó rẹwà, Dádì!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín bíi pé mo ti fún wọn ní dígírì. Tí wọ́n bá sì pa àgbọ̀nrín, háà! Mọ́mì á fi ata rodo àti àlùbọ́sà sè é, á gbẹ ẹ́ ní ófúnù, títí òórùn ẹ̀ á fi gba ojú pópó, gbogbo ará ìjọ wa tí wọn kì í rántí ilé wa tẹ́lẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa.

Ọdún yẹn ni Mọ́mì bí Káyọ̀dé. Màmá Àgbà, ìyá tó bí Mọ́mì, wá láti Ìjẹ̀bú láti wá wẹ ọmọ, wọ́n sì gba gbogbo ilé lọ́wọ́ wa. Ẹ ò rí ìwẹ̀! Wọ́n á jókòó sórí àpótí kékeré, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ Káyọ̀dé sórí ẹ̀, omi gbígbóná, kàn-ìn-kàn-ìn, ọṣẹ dúdú. Wọ́n á nà án lápá, wọ́n á nà án lẹ́sẹ̀, wọ́n á jù ú sókè, èmi á dijú. "Ọkọ mi! Ọkọ Ìjẹ̀bú! Ta ló ní wọn ò rí ọ?" Òrí lẹ́yìn náà, pọ́ńdà lọ́rùn, kí wọ́n tó wá fa igi tìróò yọ láti inú ilé awọ ẹ̀, wọ́n á lé e fún un lójú méjèèjì, dúdú kirimù, títí Káyọ̀dé á fi jọ olólùfẹ́ inú fíìmù. Wọ́n ní tìróò máa jẹ́ kí ojú ẹ̀ tóbi, kó sì mọ́. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, wọ́n lé e fún. Gbogbo ọmọ àdúgbò wọn náà. Mọ́mì fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì, ìyá òyìnbó kan tẹjú mọ́ Káyọ̀dé, ó bi Mọ́mì jẹ́jẹ́ pé ṣé ẹnì kan lu ọmọ yìí lójú ni. Látọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti fẹ́ gbé e lọ sí klíníìkì, Mọ́mì á fi òwú àti òróró nù ún kúrò mọ́númọ́nú. Tí wọ́n bá ti padà délé, Màmá Àgbà á tún un lé.

Ìgbà tí Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó fúnra ẹ̀ ni ara ẹ̀ yí padà. Kò fẹ́ mu ọmú. Ẹ̀kọ tó máa ń fẹ́ gbé abọ́ mì tẹ́lẹ̀, á tu ú dànù. Inú ẹ̀ le gbọin, kò lè yàgbẹ́, á máa ké bíi pé ẹnì kan ń já a ní irun. Ní ìjọ, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n fi omi pa á lórí. Ní klíníìkì, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n pè wá pé kí bàbá àti ìyá jọ wá, torí pé òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, òjé sì lè ba ọpọlọ ọmọ kékeré jẹ́. Dókítà béèrè pé, "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ń fi òjé ṣiṣẹ́ nílé yín?" Mọ́mì ní òun kàn yí ojú sí Dádì ni, Dádì sì wo ọwọ́ ara wọn.

Mo rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn bíi pé àná ni. Dádì wọlé, wọn ò bọ́ kóòtù iṣẹ́ wọn, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ tààrà. Màmá Àgbà tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Bísọ́lá, mo fẹ́ sọ ọ́, mo ń pa á mọ́ra. Ilé ọmọ tuntun kọ́ ni wọ́n ti ń yọ́ òjé. Ṣé àgbọ̀nrín ló máa pè yín ní bàbá ni?" Mọ́mì ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀." Dádì kó ìkòkò, wọ́n kó irin méjèèjì, wọ́n kó òjé, wọ́n kó gbogbo ọta tó ti dán, Bàbá Tẹ́rì fi ọkọ̀ ẹ̀ wá kó wọn. Dádì ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n sì ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpò Bàbá Tẹ́rì. Mọ́mì fọ gbogbo kọ́tíìnì, ó fọ kápẹ́ẹ̀tì, ó fọ ògiri. Ilé wá dákẹ́. Ẹ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí èèyàn ń gbọ́? Sátidé dé, kò sí kó, kò sí púkẹ́, rélùwéè nìkan.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa wò. Ti Dádì ga díẹ̀, wọ́n ní kò burú fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra. Tèmi ò ní nǹkan kan. Mo rò pé ó yẹ kí ẹnì kan ti béèrè nígbà yẹn pé báwo ni èmi tí mo ń jókòó sórí àtẹ̀gùn ní gbogbo Sátidé ṣe mọ́, tí ọmọ tí kò dé ẹ̀yìnkùlé rí wá ní òjé nínú. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè ronú? Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ Káyọ̀dé lẹ́ẹ̀kejì. Kò lọ sílẹ̀. Ó tún ga sí i! Dókítà ní tó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbà á sí ọsibítù, àwọn kan á sì wá wo ilé wa bóyá ó yẹ kí ọmọ máa gbé ibẹ̀. Ilẹ̀ là lábẹ́ Mọ́mì. Dádì jókòó sí kíṣìnì, wọ́n ní, "Ìyá Bísọ́, ó ní láti jẹ́ pé ara mi ló wà. Irun mi, èékánná mi, mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ." Mọ́mì ní, "Lọ sí ibo?" "Ọ̀dọ̀ Wálé ní Gascoigne. Títí ara ọmọ á fi yá." Bọ̀ọ̀dá Wálé ni àbúrò Dádì, fúláàtì wọn wà nínú ilé gíga tí wọ́n ti ń múra láti wó. Dádì kó aṣọ iṣẹ́ sínú báàgì. Wọn ò gbé Káyọ̀dé, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n juwọ́ sí i bí ẹni tó ń wo ọmọ lẹ́yìn gíláàsì. Mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Wọ́n ní, "Bísọ́ mi, má dì mọ́ mi." Ẹ má bi mí bí mo ṣe sunkún tó.

Ó wá ku ìgbà kẹta tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀. Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn arúgbó lọ́jọ́ náà, ó ní òun á bá wa ní klíníìkì, kí Màmá Àgbà gbé ọmọ wá, kí èmi tẹ̀ lé wọn láti máa bá wọn túmọ̀ nítorí sùkúù wà ní ìsinmi. Màmá Àgbà wẹ Káyọ̀dé kanlẹ̀. Ẹni tó ń lọ rí dókítà gbọ́dọ̀ rẹwà, àbí? Wọ́n wọ̀ ọ́ ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n lé tìróò fún un, nípọn dáadáa. Kò sí Mọ́mì nílé, kò sí ẹni tó rántí òwú.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá wọlé, ìyá kan tó wé gèlè Mùsùlùmí, ó ní ará Bangladesh ni òun, òun ò tíì rí wa rí. Ó gbé Káyọ̀dé sókè, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu ẹ̀, àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì. Ó fi ìka kékeré nu abẹ́ ojú Káyọ̀dé, ó wo ìka náà. "Kí lẹ lé sójú ọmọ yìí?" Mo túmọ̀. Ojú Màmá Àgbà tàn! Látìgbà tí wọ́n ti dé ìlú òyìnbó, ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa yìn wọ́n fún nǹkan tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n tọwọ́ bọ báàgì, wọ́n fa ilé tìróò yọ. "Sọ fún un pé tìróò ni, ojúlówó, láti ilé wa. Tó bá fẹ́ díẹ̀, kó na ojú wá, màá lé e fún un." Nọ́ọ̀sì rọra fi tíṣù gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó jókòó tì wọ́n, ó di ọwọ́ wọn mú. Ó ní, "Bísọ́lá, bá mi sọ fún Màmá pé nílé tiwa náà a ní i. Súrúmà la ń pè é. Ìyá mi lé e fún gbogbo wa. Sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ fi ṣe é, òjé ló wà nínú ẹ̀."

Mo sọ ọ́. Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Òjé kẹ̀? Tìróò ni mo sọ." Mo tún un sọ. Wọ́n wo ojú Káyọ̀dé. Káyọ̀dé sì ń fi ìkúùkù nu ojú ẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe, lẹ́yìn náà ló ti ìkúùkù náà bọ ẹnu, ó ń mu ún. Gbogbo wa jọ rí i. Ìka rẹ̀ dúdú. Màmá Àgbà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni Mọ́mì sáré wọlé, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, káàdì iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ó ní, "Kí ló dé? Ẹ sọ fún mi, kí ló dé?"

Wọ́n gbé tìróò lọ yẹ̀ wò, òjé ló kún inú ẹ̀ bámúbámú. Dádì ti padà wálé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ klíníìkì yẹn, wọ́n ṣì wọ aṣọ awakọ̀. Mo rò pé wọ́n á pariwo, ẹ̀tọ́ wọn ni! Màmá Àgbà kúnlẹ̀ fún wọn lórí kápẹ́ẹ̀tì, ìyá ìyàwó wọn o, wọ́n kúnlẹ̀. "Bàbá Bísọ́lá, èmi ni mo lé yín kúrò nílé yín. Ọwọ́ mi yìí." Dádì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì wá wà nílẹ̀, Mọ́mì ò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ fà dìde. Dádì ní, "Màmá, ẹ dìde, ẹ̀ ń fa ègún sórí mi. Ìyá tèmi náà lé e fún mi. Ta ló sọ fún yín? Ta ló sọ fún èmi náà?" Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ò fọwọ́ kan Káyọ̀dé mọ́. Mọ́mì ló ń wẹ̀ ẹ́ nínú ike ìwẹ̀ tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù, Màmá Àgbà á jókòó sórí àtẹ̀gùn òkè, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí wa. Tí Káyọ̀dé bá ké, wọ́n á di etí.

Nígbà tí mo dàgbà, mo bi Dádì pé kí ló dé tí wọn ò bínú. Wọ́n ní ibi tí àwọn dúró sí ní Gascoigne, tí àwọn ń wo fèrèsé, Ọlọ́run nìkan làwọn bẹ̀ pé kí ó má jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ló pa ọmọ náà lára. Nígbà tí wọ́n wá rí ẹlòmíì tí irú ẹ̀rù yẹn bà, wọn ò lè fi ṣẹ̀sín. Wọn ò padà da ọta nílé wa mọ́ ṣá. Wọ́n ní ìbá ti jẹ́ òótọ́ pé òjé ọta ló fà á. Gáráàjì Bàbá Tẹ́rì ni wọ́n ń lò báyìí, pẹ̀lú fáànù ńlá kan tó ń fa èéfín síta, ó sì di pé èmi ni mo ń gbé wọn lọ ní Sátidé, màá dúró síta, màá ka ìwé, màá gbọ́ kó, màá gbọ́ púkẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ tí wọ́n pè wá láti klíníìkì, lẹ́yìn tí a ti pa tìróò tì, tí wọ́n sì tún gba ẹ̀jẹ̀ Káyọ̀dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà sùkúù. Fóònù Mọ́mì dún, ó wo nọ́ńbà, ó gbé e fún Dádì, Dádì gbé e padà fún un, bí ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù gbígbóná. Mọ́mì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́. Ohùn nọ́ọ̀sì wa ni, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òjé inú ẹ̀jẹ̀ Káyọ̀dé ti lọ sílẹ̀. Ó ní ó ti lọ sílẹ̀ gan-an ni o, àwọn dókítà ò retí pé ó máa yá báyìí, kò ní sùn ní ọsibítù, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀ wá wo ilé wa. Ẹ̀yin èèyàn! Mọ́mì ju fóònù sórí àga, ó fò, ó bọ́ síta láìwọ bàtà, ó ń kọ orin ìjọ wa lójú títì ní Dagenham lọ́sàn-án gangan. Dádì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ní, "Ó ti lọ sílẹ̀. Bísọ́, ṣó o gbọ́? Ó ti lọ sílẹ̀." Mo ní, "Mo gbọ́, Dádì!" Wọ́n tún bi mí. Mo tún gbọ́.

Màmá Àgbà jókòó sórí àtẹ̀gùn òkè, wọ́n di irin àtẹ̀gùn mú. Dádì dìde, wọ́n gbé omi kaná, wọ́n wá àpótí kékeré yẹn jáde, wọ́n gbé e sí àárín ilé ìwẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Káyọ̀dé níhòòhò, wọ́n gòkè lọ bá Màmá Àgbà. "Màmá, omi ti gbóná. Ìyàwó mi ò mọ ọmọ wẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ bí abọ́ ni." Mọ́mì pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Mo gbọ́ o!" Màmá Àgbà ní, "Mi ò lè gbé e, Bàbá Bísọ́lá." Dádì kàn gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀. Káyọ̀dé wo òkè, ojú ẹ̀ mọ́ fo, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ojú. Ó wo ìyá ìyá ẹ̀ dáadáa, ó mí kanlẹ̀, ó sì tọ̀ sí wọn láyà, tààrà, ó ta dé àgbọ̀n. Màmá Àgbà ké, "Yéè! Ọkọ mi, o ò tíì gbàgbé mi!" wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ klíníìkì, wọ́n gbé e mọ́ra, wọ́n dìde, wọ́n ń pariwo pé ta ló gbé kàn-ìn-kàn-ìn àwọn sí, kí ẹnì kan tètè gbé e wá.